Àádọ́rùn-ún Ìṣẹ́jú Láti Àkúrẹ́ dé Kìgálì

Ilẹ̀kùn bàálù náà tì, Fadékẹ́ sì tẹ aago.

Aago ọ̀hún kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Okùn ni wọ́n fi gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n sì ti fi òjé dí i pa kí ẹnikẹ́ni má baà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bọ́tìnnì méjì péré ló ní, ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún òpin. Ọdún mẹ́fà ni Fadékẹ́ ti ń gbé irú rẹ̀ kọ́rùn, tó ń bá Ilé-iṣẹ́ Òṣùwọ̀n Ìrìnnà ka iye ìṣẹ́jú tó wà láti ìlú kan sí òmíràn, kò sì sí ìgbà kan tí èrò kankan wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lónìí, gbogbo ojú inú bàálù ló wà lára rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó dé fìlà aláró kí i láti ẹ̀yìn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó yá."

Obìnrin tó jókòó tì í yíjú sí i wéré. "Kó yá kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní Kìgálì lẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ńkọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí bàálù tuntun yìí máa gbé èrò láti Àkúrẹ́ lọ sí Kìgálì fún ìdánwò òfin. Ọ̀nà náà dín díẹ̀ ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún kìlómítà. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni bàálù àtijọ́ ń lò, ìyẹn ò sì da ẹnikẹ́ni láàmú. Tuntun yìí lo ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lọ́jọ́ Ajé, ó lo mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tòní, Ọjọ́bọ̀, ni yóò parí ọ̀rọ̀. Òfin ní ọmọ tó bá ń gbé níbi tí kò ju àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lọ sí òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jẹ́ ìpè òbí náà. Bó bá kọjá àádọ́rùn-ún, Kìgálì ṣì jẹ́ ọ̀nà jíjìn. Bí kò bá kọjá, Kìgálì ti di tòsí nìyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á sì gbé àpótí ìlẹ̀kẹ̀ kiri ojúlé ní Kìgálì lọ́la, wọ́n á máa fi sọ́rùn ọwọ́ gbogbo ọmọ Àkúrẹ́ tí òbí rẹ̀ wà láyé.

Bàbá Fadékẹ́ wà láyé.

Ẹlòmíì ni iṣẹ́ tòní tọ́ sí, ibà ló dá onítọ̀hún dúbúlẹ̀. Ọ̀gá wọn pe Fadékẹ́ lánàá. "Mo mọ̀ pé ọmọ Àkúrẹ́ ni ọ́," ló wí. "Ṣé ọwọ́ ẹ ò ní gbọ̀n?" Ó ní ọwọ́ òun ò ní gbọ̀n. Ọ̀gá ní ó dáa, ó ṣe tán, aago ló ń ka ìṣẹ́jú, kì í ṣe èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ náà, tí Fadékẹ́ sì wọ bàálù àtijọ́ wá sí Àkúrẹ́ ní ìdájí kó lè bá tuntun padà.

Àga iwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni wọ́n fún un. Ẹni tó jókòó tì í ni Màmá Ọmọ́loyè, ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Kì í ṣe pé wọ́n pín àga fún Màmá síbẹ̀ o. Bó ṣe wọlé ni àwọn èrò ti ń bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì gbọ́ iye rẹ̀, wọ́n ń dìde fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá, títí tó fi dé ibi tí kò sí àga mọ́ níwájú. Ó gbé abọ́ rọ́bà kan lé itan. Ó ti dé e, ó sì tún fi gèlè àtijọ́ wé e, síbẹ̀ òórùn ọ̀jọ̀jọ̀ ń yọ lábẹ́ gèlè náà.

"Ọmọ mi ló ni ín," ló wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò bi í. "Fọlágbadé. Ó fẹ́ràn èyí tí ata pọ̀ nínú ẹ̀. Ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́ ní Àkúrẹ́?"

Fadékẹ́ rò ó wò bóyá kóun parọ́. "Ọmọ Akínmúsùrù ni mí, mà."

"Èwo nínú wọn? Ọ̀gá ilé-ìwé?"

"Àwọn ni, mà."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Áà! Ọ̀gá tó na Fọlágbadé nítorí ìṣirò! Wọn ò gba gbẹ̀rẹ́ nígbà yẹn. Mo rí wọn níwájú ilé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, wọ́n ń bá ẹ̀rọ alágbàtọ́ wọn jà pé ó fi iyọ̀ sí ẹ̀kọ tó fún wọn mu." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi etí gèlè nu ojú. "Inú wọn á ti dùn láàárọ̀ yìí. Ṣé wọ́n rí ẹ?"

"Àyè ò sí, Màmá. Wákàtí kan ààbọ̀ péré ló wà láàárín bàálù tó gbé mi wá àti èyí."

"Wákàtí kan ààbọ̀," ni Màmá wí. Ó wò ó díẹ̀.

Ilé Ọ̀gá Akínmúsùrù kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí pápá bàálù. Fadékẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ náà. Inú yàrá ìdúró ló jókòó sí, ó mu ife tíì méjì, ó ka pátákó ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò dìde.

Bàálù ti gun òkè, àwọsánmà ti tẹ́ lọ bẹẹrẹ lábẹ́ wọn. Mùgíṣà, ọmọ Kìgálì tó ń tọ́jú èrò, ń pín omi kiri. Ẹ̀rọ ògbufọ̀ wà létí rẹ̀, òmíràn wà ní ọ̀fun rẹ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di Yorùbá, àfi pé Yorùbá inú ìwé ni ẹ̀rọ náà gbọ́. "Ìyá àgbà, ǹjẹ́ ẹ ní ìfẹ́ sí omi?" ló wí. Màmá ní òun ní ìfẹ́ sí i gan-an ni. Ó mu ún tán, ó dá ife padà, ó sì na ìka sí àyà Fadékẹ́.

"Aago yẹn, ìgbà wo ló ń dúró?"

Ìbéèrè náà ní ìdáhùn, ìdáhùn ọ̀hún sì wà nínú ìwé òfin àkókò, Apá Keje. Nígbà tí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí táyà bàálù bá ti kan ilẹ̀ ni àwọn oníbàálù ń dá aago dúró, wọ́n á wá há èrò mọ́nú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́, àwọn adájọ́ sì sọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé ènìyàn kò tíì dé títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi olùka-àkókò sínú bàálù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo ẹsẹ̀ èrò àkọ́kọ́ tó bá sọ̀ kalẹ̀, kó sì tẹ bọ́tìnnì bó bá ṣe kan ilẹ̀. Wọn kì í ka ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ inú bàálù, wọn kì í sì í ka ẹsẹ̀ olùka-àkókò fúnra rẹ̀. Àwọn tí òfin náà kò bá kan iṣẹ́ wọn kì í mọ èyí. Wọ́n rò pé bí bàálù bá ti balẹ̀, ó parí.

Ohun tó jáde lẹ́nu Fadékẹ́ ni pé, "Tí a bá ti dé ni, Màmá."

Kì í ṣe irọ́. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti sọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Màmá ká ọwọ́ bùbá sókè. Ìlẹ̀kẹ̀ òbí wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, oríṣi tó nípọn yẹn, tó ní ojú kan láàárín tí wọ́n máa ń tẹ̀. Ojú náà ṣókùnkùn. "Ọdún karùn-ún tó ti sùn rèé, láti ìgbà tí Fọlágbadé ti kó lọ. Wọ́n ní bí tòní bá bọ́ sí i, á jí. Mo ṣì máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ó ti kú. Ọwọ́ mi ló ń wá a."

"Kí lẹ fẹ́ máa pè é fún, mà?" Fadékẹ́ kò fẹ́ bi í. Ó kàn rí i pé òun ti bi í ni.

"Èékánná."

"Mà?"

"Èékánná ẹsẹ̀ mi. Òun ló ń bá mi gé e kó tó kó lọ, láti ìgbà tí mi ò ti lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ̀rọ inú ilé ń gé e, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ tí mo bá ní ó tó. Ó gé mi lẹ́ran lọ́sẹ̀ tó kọjá." Ó yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nínú bàtà. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé àtàǹpàkò rẹ̀. "Tó bá jẹ́ Fọlágbadé ni, á gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, á máa ro ẹjọ́ ibi iṣẹ́ ẹ̀ fún mi. Mi ò ní gbọ́ ìdajì ẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Ìjọba fún wa ní ìrìnàjò ọ̀fẹ́ nítorí ìdánwò yìí, mo ní kí n lọ wo ibi tó ń gbé, àmọ́ mi ò lè máa fi ẹsẹ̀ yìí gun bàálù lọ bá a gé èékánná. Òun ló yẹ kó máa wá."

Fadékẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó yí ojú sí fèrèsé.

Òun náà ti wọ ìlẹ̀kẹ̀ rí, tọmọ, tó tín-ín-rín. Kì í dun èèyàn. Bí òbí bá tẹ tirẹ̀, tọmọ á lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ife tíì, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí ọmọ yóò fi dé iwájú òbí, tí òbí yóò tún un tẹ̀ kó tutù. Kò sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá ọ wí. Ó kàn jẹ́ pé bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ́rùn ọwọ́ rẹ, kò sí ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó máa ṣí fún ọ. Nígbà tí Fadékẹ́ ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀, bàbá rẹ̀ pè é nígbà mọ́kànlélógún láàárín oṣù kan. Ó pè é pé kó wá gbọ́ òórùn ọbẹ̀ bóyá ó ti kan. Ó pè é nítorí ìtàn kan tó ti sọ fún un nígbà tó wá kẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àwọn tó fẹ́ di awakọ̀ bàálù, Fadékẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ìlẹ̀kẹ̀ sì gbóná. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Bàbá rẹ̀ ń wá ìgò ojú rẹ̀. Inú fìríìjì ni Fadékẹ́ ti bá a.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti ìdánwò náà kí ọdún mìíràn tó yí ká. Kò sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì tíì sọ ọ́ títí di òní. Ó gba iṣẹ́ sí Kìgálì, wọ́n gé ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápá bàálù, ó sì sunkún ayọ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀. Àràárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ má ṣì í gbọ́ o, ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa, láti ọ̀nà jíjìn.

Táyà bàálù kan ilẹ̀ Kìgálì nígbà tí aago wà ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Bàálù rìn díẹ̀, ó dúró. Mùgíṣà ṣí ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn onípele méje sì nà jáde lábẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́rùn-ún àti díẹ̀. Lọ́ọ̀ọ́kán, lókè orí ilé, pátákó aago ńlá kan ń ka nọ́ńbà kan náà tó wà lọ́rùn Fadékẹ́, àwọn èèyàn sì dúró sẹ́yìn okùn, wọ́n gbójú sókè sí i. Àkókò ṣì wà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáká á sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kó tó mí lẹ́ẹ̀mẹta.

Fadékẹ́ wolẹ̀. Ó ti ń rí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọkùnrin onífìlà hó yèè lẹ́yìn. "A ti gbà á! Ìṣẹ́jú tí ò tó àádọ́rùn-ún!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà àárín àga, ṣùgbọ́n kò rìn. Gbogbo wọn dìde, gbogbo wọn sì dúró. Wọ́n ń dúró de Màmá.

Màmá kọ́kọ́ tú ìró, ó tún un ró. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun dúpẹ́ ná, nítorí òun ò mọ̀ pé òun á rí ọjọ́ òní. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀mí awakọ̀, ó dúpẹ́ fún irin tí kò já, ó gbàdúrà fún àwọn tó ṣe bàálù àti àwọn tó máa wọ̀ ọ́ lọ́la. Ọgọ́ta èrò ń ṣe àmín. Ọkùnrin onífìlà, tó ní ọmọbìnrin mẹ́ta ní Kìgálì, tó sì ń fẹ́ kí wọ́n padà di ọmọ tòsí ju ohunkóhun lọ, ni àmín tirẹ̀ dún jù.

Mùgíṣà wo pátákó aago, ó wo àwọn èrò, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò yé e. Ó súnmọ́ Fadékẹ́. Ohùn ẹ̀rọ náà balẹ̀ bó ṣe máa ń balẹ̀.

"Ìyáàfin olùka-àkókò, kí ni ìdí tí àwọn èrò kò fi sọ̀ kalẹ̀?"

"Wọ́n ń dúró de àgbà ni."

"Mo lè bẹ ọkùnrin onífìlà náà kí ó ṣáájú. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn."

Inú rẹ̀ á dùn lóòótọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ Apá Keje fún ọkùnrin yẹn, orí àga ni ìbá gbà kọjá, ìbá sì ti bẹ́ sílẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ìbá tì í lẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, ẹnu Fadékẹ́ sì ni gbólóhùn náà wà.

"Ní ọ̀dọ̀ tiwa," ló wí, "a kì í kọjá níwájú àgbà."

"Àga ẹ̀rọ agbéniwálẹ̀ ńkọ́? Ó yára púpọ̀."

"Wọ́n á rò pé ẹ tàbùkù wọn."

Mùgíṣà tẹríba pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní yin ẹni tó sọ ọ́ pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Fadékẹ́ fúnra rẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́.

Màmá dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó gbé abọ́ sí ọwọ́ òsì, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó fi ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, ó wá gbé ọ̀tún, èyí tí wọ́n fi aṣọ wé, tẹ̀lé e. Ìpele kan. Ó mí. Ó tún fi òsì sílẹ̀. Fadékẹ́ dúró lókè, ó fi àtàǹpàkò lé bọ́tìnnì òpin. Aago wà ní mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nígbà tí Màmá sọ̀ kalẹ̀ sí ìpele kejì. Ó ti mọ eré tó fi ń sọ̀ báyìí: ìpele kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìpele márùn-ún ló kù. Bí Màmá bá ń lọ bó ṣe ń lọ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ilẹ̀ kó tó pé àádọ́rùn-ún.

Ẹ̀rù ba Fadékẹ́.

Lẹ́yìn okùn, ọkùnrin kan tó ga, tó dá irùngbọ̀n sí, dúró níwájú gbogbo èèyàn. Ojú rẹ̀ jọ ti Màmá tí kò fi ṣe é ṣì mọ̀. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n òun kò wo àtẹ̀gùn. Pátákó aago ló ń wò, ó sì fi ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ kejì mú.

Ìpele karùn-ún. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lé ní mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ìwà rere kan dìde nínú Fadékẹ́, kò sì ṣeé fi pamọ́. Ó rí èékánná náà. Ó rí ọwọ́ arúgbó tó ń tẹ ìlẹ̀kẹ̀ tó ti kú. Ó ní òun á sọ ọ́, kó máa yára, kó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kó yọ.

"Màmá!"

"Hẹ̀n?" Màmá dúró. Ó rọra yí gbogbo ara padà, torí ọrùn rẹ̀ kì í dá yí mọ́, ó sì gbójú sókè wò ó. "Kí lo wí, ọmọ mi?"

Aago ń sáré lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ẹ rọra o, mà."

"Mo ń rọra." Màmá rẹ́rìn-ín sí i. "Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ọmọ Ọ̀gá lóòótọ́." Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, díẹ̀díẹ̀, ó gbé abọ́ láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún, ó wá irin náà, ó rí i.

Pátákó aago di pupa nígbà tó wà ní ìpele tó kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, Fadékẹ́ sì tẹ bọ́tìnnì. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Èjìká ọkùnrin onírùngbọ̀n náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà náà ló tó sáré. Ó fo okùn kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó gbóná, ó dìde, ó gbé ìyá rẹ̀ sókè tòun ti abọ́. "Màámi! Màámi! Ẹ káàbọ̀!" Omi wà lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe omi ẹ̀tàn. Kò sí bí ọmọ ṣe lè fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ju bí Fọlágbadé ṣe fẹ́ràn tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn lọ. Fadékẹ́ mọ̀ ọ́n dunjú.

Màmá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó yí sí Fadékẹ́. "Ó bọ́ sí i, àbí?"

"Kò bọ́ sí i, mà. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá ló fi kọjá."

"Níbo ló ti pẹ́? Ṣebí wọ́n ní a ti balẹ̀."

Mùgíṣà, ẹni tí wọ́n kọ́ pé kó máa ran èrò lọ́wọ́, ló dáhùn. "Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá kan ilẹ̀ ni òfin ń kà, ìyá àgbà. Orí àtẹ̀gùn ni àkókò náà tán sí."

Ọkùnrin onífìlà figbe ta lókè. Ó ní kí wọ́n ti sọ fún òun ni, òun ìbá gba ojú fèrèsé bẹ́ sílẹ̀. Màmá kò pariwo. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí aṣọ funfun wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo Fadékẹ́, ó sì wò ó pẹ́.

"O ní kí n rọra," ló wí.

Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Fọlágbadé kò gbọ́, ó ti ṣí abọ́ ọ̀jọ̀jọ̀, ẹnu rẹ̀ ti kún.

Lọ́fíìsì, fọ́ọ̀mù béèrè ìdí tí àkókò fi pọ̀ sí i láàárín ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí àti ìgbà tí èrò sọ̀ kalẹ̀. Fadékẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀wọ̀ àgbà ni. Ọ̀gá rẹ̀ kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó pe bàbá rẹ̀ lásìkò tó máa ń pè é.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Fadékẹ́. Wọ́n ka orúkọ rẹ lórí rédíò ní Ọjọ́bọ̀." Ohùn Ọ̀gá Akínmúsùrù ṣì jẹ́ ohùn ẹni tó ń bá gbogbo kíláàsì sọ̀rọ̀. "Olùka-àkókò, Akínmúsùrù Fadékẹ́. Mo sọ fún ẹ̀rọ yìí pé ọmọ mi nìyẹn. Ó ní òun ti gbọ́."

"Ẹ ṣé, sà."

"O wá sí Àkúrẹ́ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò ju…"

"Mo mọ̀. Wákàtí kan ààbọ̀. Mo wo àkókò bàálù méjèèjì. Mo ka ìwé òfin náà kí ọjọ́ náà tó dé. Apá Keje. Ta ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀?"

"Màmá Ọmọ́loyè, sà."

"Ìyá Fọlágbadé. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ wà níbo?"

"Mo wà lẹ́yìn wọn."

Ó gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe mí. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń mí láyé ọjọ́un, tó bá ka ìwé ìdánwò ọmọ kan dé ìparí, tó sì ti mọ máàkì tó máa fún un.

"Ó dáa," ló wí. "Mo ti nu ìlẹ̀kẹ̀ mi sílẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi òróró díẹ̀ sí ojú ẹ̀ torí ó ti le. Mo ti dá a padà sínú dúrọ́ọ̀ báyìí. Kò sí wàhálà."

"Bàámi…"

"Mi ò ní fi pè ẹ́ lemọ́lemọ́ tẹ́lẹ̀. Ìgò ojú mi, okùn ni mo fi gbé e kọ́rùn báyìí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Ẹnìkan láti Ifẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹn fún mi."

Ojú ti Fadékẹ́. Ó rí i pé ọwọ́ òun ti wà lọ́rùn òun, níbi tí okùn aago máa ń wà.

"O máa pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?" ni bàbá rẹ̀ béèrè.

"Màá pè, sà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.